Ọmọ Tí A Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn: Ìtàn Ìwé Ọdún Méjì-Méjì ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò bá ìyá rẹ̀ gbèrò ìrìn àjò. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi kúrò nílé, kò mọ ẹni tí wọ́n sanwó ọ̀nà fún, kò sì mọ̀ bóyá ẹnubodè ni wọ́n gbà wọlé tàbí inú aṣálẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí, tí ó ti kọ́ èdè, tí ó ti lọ sílé-ìwé, ibẹ̀ ni yóò máa pè ní ilé. Ìtàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DACA. Ọdún 2012 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fi ètò yìí ṣèlérí fún àwọn tí òbí wọn mú wọ̀lú ní kékeré láìní ìwé ìgbélùú pé wọn kò ní lé wọn fún ọdún méjì, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ láàárín ọdún méjì náà. Bí ọdún méjì bá ti fẹ́ pé, wọ́n ní láti tún ìwé náà gbà. Láti ìgbà náà títí di òní ni wọ́n ti ń tún un gbà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni ohun tí wọ́n pè ní ti ìgbà díẹ̀ ṣe gba gbogbo ìgbà èwe ẹ̀dá? Èrò tèmi ni pé ìwé ọdún méjì-méjì yìí ṣe oore ńlá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tún di ohun tí àwọn aṣòfin fi ń sún iṣẹ́ wọn síwájú. Ìtàn ni yóò jẹ́rìí sí ohun tí mo sọ.

Kí a tó dé orí DACA, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọdún 1975, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin kan pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní náwó lórí ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, àti pé ilé-ìwé lè kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Tyler, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé pàṣẹ pé kí òbí máa san 1,000 dọ́là lọ́dún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Alágbàṣe tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ kò lè rí iye yẹn san, nítorí náà àwọn ọmọ jókòó sílé. Ní ọdún 1977, ìdílé mẹ́rin gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Wọn kò jẹ́ kí orúkọ wọn hàn. Doe ni ìwé ẹjọ́ pè wọ́n, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe ẹni tí wọn kò bá fẹ́ dárúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ sí kóòtù, àwọn kan lára wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀ wọn, nítorí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ibẹ̀ lé wọn padà sí Mẹ́síkò. Síbẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n fi ohun gbogbo tí wọ́n ní wéwu kí ọmọ wọn lè kàwé.

Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1982, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá ìdíwọ́ Texas nù. Adájọ́ William Brennan ló kọ ìdájọ́ náà. Àtúnṣe kẹrìnlá ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1868 lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, ni ó gbé e lé. Àtúnṣe náà sọ pé kí ìpínlẹ̀ má ṣe fi ìdáàbòbò òfin tó dọ́gba du ẹnikẹ́ni tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Brennan ṣàlàyé pé ẹni tí kò ní ìwé náà jẹ́ ènìyàn, àti pé kò tọ́ kí a fi ohun tí òbí ṣe jẹ ọmọ níyà, nítorí ọmọ kò lè darí ìwà òbí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà tó lè tìtorí ìwé ìgbélùú lé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ọmọ girama. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá jáde girama, ìdájọ́ náà ti bá a dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò fún un níṣẹ́, kò sì fún un ní ìwé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin kan tó ní apá méjì. Apá kìíní sọ pé ẹni tó bá ti ń gbé ní Amẹ́ríkà láti ṣáájú oṣù kìíní ọdún 1982 lè gba ìwé ìgbélùú; òfin náà sì tún ṣí ọ̀nà fún àwọn alágbàṣe oko. Àpapọ̀ àwọn tó tipasẹ̀ rẹ̀ gba ìwé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 2.7. Apá kejì sọ pé láti ìgbà náà lọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé òṣìṣẹ́ wò kó tó gbà á. Nítorí náà, ẹni tó dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá wọlé, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì bá ilẹ̀kùn méjì ní títì pa: kò rí ìwé gbà, kò sì rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fi tò sórí ìlà bíi ti àwọn yòókù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin mìíràn tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní ọdún 1996. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá gbé ìlú láìní ìwé fún ohun tó lé ní ọjọ́ 180, tó sì jáde, kò ní lè padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá lé ní ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún 18 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ yìí sí i lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ kan tí wọ́n gbé wọ̀lú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì. Kò ní ẹbí tímọ́tímọ́ tó jẹ́ ọmọ onílùú tó lè bá a bẹ̀bẹ̀ fún ìwé, kò sì sí iléeṣẹ́ tó lè pè é wá. Kò sí ìlà kankan tó lè tò sí. Bí ó bá sì sọ pé òun fẹ́ padà síbi tí wọ́n bí òun kí òun lè gba físà, tó sì ti pé ọmọ ọdún 20, ọdún mẹ́wàá ni yóò lò níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, kó tó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọbìnrin kan wà ní Chicago tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tereza Lee. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Kòríà, Brazil ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún méjì ni ó sì jẹ́ nígbà tí wọ́n mú un dé Amẹ́ríkà. Ó mọ dùùrù tẹ̀ débi pé olùkọ́ rẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ orin. Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé wọlé, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dí i lọ́nà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ Sẹ́nétọ̀ Dick Durbin ti ìpínlẹ̀ Illinois lọ. Durbin rí i pé kò sí òfin kan tí òun lè fi ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 2001, òun àti Sẹ́nétọ̀ Orrin Hatch gbé àbá òfin kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní DREAM. Durbin jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, Hatch jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican. Ẹ̀rí ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n dá láti gbọ́ ẹnu Tereza nílé aṣòfin. Ní ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀, àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu New York àti Washington. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò mọ́.

Àbá náà kò kú, ṣùgbọ́n kò dìde tán. Ní ọdún 2007, wọ́n dìbò lórí rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àwọn tó fẹ́ ẹ jẹ́ 52, àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ 44. Lójú èmi àti ẹ̀yin, 52 ju 44 lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà ilé náà ni pé ìbò 60 ló lè fòpin sí àríyànjiyàn kí àbá tó lè tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2010, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin gbéra ní Miami, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Washington, ìrìn tó tó nǹkan bí 1,500 máìlì, kí àwọn aláṣẹ lè gbọ́ tiwọn. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá náà pẹ̀lú ìbò 216 sí 198. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin àgbà, ìbò 55 ni ó rí. Ìbò márùn-ún péré ló kù.

Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Jose Antonio Vargas kọ àṣírí ara rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ọmọ Philippines ni. Ọmọ ọdún 12 ni ó jẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní California. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì sọ fún un pé ayédèrú ni káàdì ìgbélùú tó mú wá. Bí ó ṣe mọ̀ nìyẹn. Ó kàwé, ó di akọ̀ròyìn, ó sì wà lára àwọn tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Washington Post fi gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2008. Nígbà tí DACA dé ní ọdún 2012, wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 31 nìkan ló lè gbà á. Vargas ti fi oṣù mẹ́rin kọjá rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ fi hàn bí ọjọ́ orí àti déètì ṣe ń pín àwọn ènìyàn tí ìṣòro wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2012 ni Ààrẹ Barack Obama kéde ètò náà. Ọjọ́ náà gan-an ló pé ọgbọ̀n ọdún tí ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ àwọn ọmọ Tyler. Òfin kọ́ ni DACA. Ìwé àṣẹ tí akọ̀wé ètò ààbò abẹ́lé, Janet Napolitano, fọwọ́ sí ni. Ó sọ pé ìjọba kò ní agbára láti lé gbogbo ẹni tí kò ní ìwé, nítorí náà kí àwọn òṣìṣẹ́ má ṣe fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ẹni àkọ́lé. Ẹni tó fẹ́ wọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ ti dé Amẹ́ríkà kó tó pé ọmọ ọdún 16. Ó gbọ́dọ̀ ti ń gbé ibẹ̀ láìdáwọ́dúró láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2007. Ó gbọ́dọ̀ wà nílé-ìwé, tàbí kó ti jáde girama, tàbí kó ti sin iṣẹ́ ológun kó sì fi orúkọ rere kúrò níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá lọ́rùn. Yóò tẹ̀ka, wọn yóò yẹ ìtàn rẹ̀ wò, yóò sì sanwó. Owó náà jẹ́ 465 dọ́là nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ó di 605 dọ́là fún ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́, àti 555 dọ́là fún ẹni tó bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ìwé yìí ṣe kò kéré. Ẹni tó ní i lè ṣiṣẹ́ ní gbangba, kó sì máa san owó orí. Ó lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Àwọn kan di nọ́ọ̀sì, àwọn kan di tíṣà, àwọn kan di dókítà. Ó lé ní 800,000 ènìyàn tí ó ti gbà á rí. Ọmọ Mẹ́síkò ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti El Salvador, Guatemala, Peru àti Kòríà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì wà lára wọn bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹni tó ní DACA kò lè dìbò. Kò lè gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bí òbí rẹ̀ àgbà bá kú sí òkè òkun, kò lè lọ sìnkú láìkọ́kọ́ gba àṣẹ. Kò sí ọ̀nà kan nínú ètò náà fúnra rẹ̀ tó lè sọ ọ́ di ọmọ onílùú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìjọba máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi ìwé tuntun sílẹ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kí ti àtijọ́ tó kú. Bí ìdáhùn bá pẹ́, tí ìwé àtijọ́ sì kú, agbanisíṣẹ́ ní láti dá a dúró. Ẹni tó bá gba ìwé náà ní 2012 tó sì ń tún un gbà bó ti yẹ, ó ti tún un gbà tó ìgbà mẹ́fà ní ọdún 2024.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ohun tí a kò fi òfin mú dúró kì í dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2017. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Ààrẹ Donald Trump kéde pé òun fẹ́ fòpin sí DACA. Wọ́n ní ẹni tí ìwé rẹ̀ yóò kú kí oṣù kẹta ọdún 2018 tó wọ ọjọ́ 5 lè tún un gbà lẹ́ẹ̀kan péré, bó bá ti fi ìwé sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Oṣù kan ni wọ́n fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìpínlẹ̀ lọ sí kóòtù. Yunifásítì California náà lọ, Janet Napolitano tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ọdún 2012 ló sì jẹ́ ọ̀gá yunifásítì náà nígbà yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, adájọ́ kan ní San Francisco pàṣẹ pé kí wọ́n máa bá a lọ láti gba ìwé àwọn tó ti wà nínú ètò náà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ márùn-ún ló wà ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì. Olórí àwọn adájọ́, John Roberts, kọ ọ́ pé ìjọba lágbára láti fòpin sí ètò náà, ṣùgbọ́n kò ṣe é bó ti yẹ, nítorí kò ro ti àwọn tó ti gbé ayé wọn lé e. Ó yẹ kí a kíyè sí i: ilé ẹjọ́ kò sọ pé DACA bá òfin mu. Ohun tó sọ ni pé wọn kò yọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba sọ ọdún méjì di ọdún kan, kí ilé ẹjọ́ tó tún dá a padà ní ìparí ọdún náà. Ní ọdún 2021, Adájọ́ Andrew Hanen ní Texas dájọ́ pé ètò náà kò bófin mu. Ó ní kí ìjọba má ṣe gba ẹni tuntun mọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn àtijọ́ máa tún tiwọn gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan dá ẹjọ́ mìíràn tó fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Hanen sọ, ṣùgbọ́n tó fi Texas nìkan ṣe ibi tí agbára ìdájọ́ náà yóò dé, tó sì tún jẹ́ kí àwọn àtijọ́ máa bá tiwọn lọ fún ìgbà náà. Ní ìparí ọdún 2024, iye àwọn tó ní ìwé náà lọ́wọ́ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 530,000.

Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ apá kan kí n má sọ ti apá kejì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó tako DACA ní ọ̀rọ̀ tó ní láárí. Wọ́n ní aṣòfin ló ń ṣòfin, Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ṣe ohun tí ilé aṣòfin kọ̀. Wọ́n ní bí Ààrẹ kan bá lè ṣe rere lọ́nà yìí, Ààrẹ mìíràn lè gba ọ̀nà kan náà ṣe búburú. Wọ́n tún ní bí a bá ń fún ọmọ ní ìwé, òbí púpọ̀ yóò máa gbé ọmọ gba inú aṣálẹ̀ wá. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lágbára. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló fi hàn pé àwọn aṣòfin ló jẹ gbèsè. Ní ti ọ̀rọ̀ kejì, ẹni tó dé lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2007 kò lè jẹ àǹfààní DACA rárá. Kò sí òbí tó lè gbé ọmọ rẹ̀ wá ní ọdún 2012 kó fi gbà á.

Àwa náà ní irú ìtàn yìí nílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣòwò, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Inísà àti Ìgbòho. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Kumasi àti Tamale bá wọn dé ìlú tí wọn kò rí rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ṣe bákan náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn náà, àwọn ará Gánà tó lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà wa títí di òní. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àwọn àgbà ló ṣe ìjà, àwọn ọmọ ló yí ilé-ìwé padà. Nítorí náà, kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

Nígbà tí mo ń ka ìlànà DACA, déètì kan ló jẹ́ kí n dánu dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ọmọ ọdún 16 kan ní gbogbo Amẹ́ríkà lónìí tó lè gba DACA, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e dé ibẹ̀ ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó gbà á ti lé ní ọmọ ọdún 40. Ó ti ní ọmọ, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ onílùú nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n òun bàbá tàbí ìyá ṣì ń ka oṣù tó kù lórí ìwé rẹ̀. Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé kò ní ọmọdé kankan nínú mọ́. Ìyẹn ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń tún ohun ìgbà díẹ̀ ṣe láìwá èyí tó máa dúró: ọjọ́ ń lọ, ọjọ́ orí ń gòkè, déètì inú ìwé kò sì yí padà.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n má ṣe tún un ṣe mọ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí òjò ń pa bá rí ewé kókò bo orí, a kì í gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ́lé fún un. Kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n sì ṣe é lásìkò kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ìdáhùn pẹ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn aṣòfin má ṣe pe ewé kókò ní ilé. Ilé aṣojú-ṣòfin tún fọwọ́ sí irú àbá yìí ní ọdún 2019 àti ní 2021, lẹ́ẹ̀mejèèjì kò kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin àgbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà ọjà yìí wà níbẹ̀, wọ́n ń wo orí ọmọ náà, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò tún un gbé.

Kí n tó parí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti àwọn ọmọ Tyler ṣe jásí. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn lọ wá wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde girama, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gba ìwé ìgbélùú. Ilé ẹjọ́ ló ṣí ilé-ìwé fún wọn ní ọdún 1982, àwọn aṣòfin sì ṣí ọ̀nà ìwé fún irú wọn ní ọdún 1986. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà dìde, ohun méjèèjì ti bọ́ sí i. Tyler kò bàjẹ́, Texas kò sì tú. Láti ìgbà tí Durbin àti Hatch ti gbé àbá tiwọn kalẹ̀ ní ọdún 2001, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe é rí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó kù ni kí wọ́n tún un ṣe, kí ìwé tí yóò tẹ̀ lé èyí má ṣe ní ọjọ́ ikú lára.